Ìlù kan tó wá láti Japan bàjẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n gbé e wá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ kú làálàá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí màá kọ̀wé sí yín. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù rẹ̀, torí ọwọ́ mi mọ kọ̀ǹgọ́ ju bírò lọ. Ibi tó bá dún bí ìwé gidi, òun ni. Ibi tó bá ń wọ́ nílẹ̀, èmi ni.

Lẹ́tà tí olùkọ́ kan kọ sí abala yín lóṣù tó kọjá ni mo fẹ́ fèsì sí. Ó ní kí ìjọba ti gbogbo ilé géèmù àdúgbò pa, pé àwọn ni kò jẹ́ kí ọmọ kàwé mọ́, àwọn náà ló sì pa ìlù àti orin ìbílẹ̀ wa. Ti ìwé kíkà yẹn, n kò ní bá a jà. Èmi náà ti mú ẹgba lọ fa ọmọ ọmọ mi jáde níbẹ̀ rí. Ti ìlù ni mo ní ọ̀rọ̀ lé lórí, torí iṣẹ́ mi ni.

Ọmọ Àyàn ni mí. Bàbá mi ló gbé ìyáàlù kọ́ èjìká láti Ọ̀yọ́ wá sí Ìkòròdú, ìtòsí Ìta-Ẹlẹ́wà níbí ni wọ́n sì bí mi sí. Mo ń gbẹ́ ìlù, mo ń fi awọ bò ó, mo sì ń lù ú lóde. Bí ìlù ẹnikẹ́ni bá bẹ́ ní agbègbè yìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó síwájú ilé lọ́jọ́ Sátidé kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, tí mò ń fá irun ara awọ ewúrẹ́, tí àwọn ọmọ mẹ́ta kan sì gbé nǹkan dé. Èyí tó ṣíwájú wọn dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bàbá Onílù, ẹ jọ̀ọ́, ìlù wa ló bàjẹ́."

Mo wo ohun tó gbé lọ́wọ́. Ike ni. Ó rí roboto, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ojú rẹ̀ funfun, wáyà gígùn kan sì ń wọ́ tẹ̀ lé e bí ìrù eku. Mo bú sẹ́rìn-ín. Kò sí èyí tó bá mi rẹ́rìn-ín nínú wọn. Wọ́n ní ẹni tó ni ilé géèmù tí wọ́n ń lọ ní ìsàlẹ̀ Sábó ló rà á mọ́ ẹrù tòkunbọ̀ tó wá láti Japan. Ẹ̀rọ PlayStation 2, àwo rẹ̀, ìlù yìí, kọ̀ntéènà kan náà ló kó gbogbo wọn wá. Igi rẹ̀ kan ti sọnù, apá òsì ojú rẹ̀ kò sì gbọ́ràn mọ́. Ọ̀gá náà ti ní òun máa jù ú nù, àwọn ló bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù, pé onílù kan wà lókè.

Ẹ gbọ́, Olóòtú, ta ni yóò gbé ìlù wá bá Àyàn tí Àyàn máa ní kó máa gbé e lọ? Mo tú u. Kò sí ihò kankan nínú rẹ̀ tí ohùn lè gbà. Rọ́bà ló fi bojú, abẹ́ rọ́bà náà ike pẹlẹbẹ ni, pẹ̀lú wáyà tín-ín-rín. Ibi mẹ́rin ló ti ń gbọ́ igi: àárín lápá ọ̀tún, àárín lápá òsì, etí lápá ọ̀tún, etí lápá òsì. Kò lè dá dún. Bí o bá gbá a, á dún pò bí ìgbà tí èèyàn lu tìmùtìmù. Inú tẹlifíṣọ̀n ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde. Mo ní irú ìlù wo rèé, tí ẹnu rẹ̀ wà nílé onílé!

Wáyà tó já, èmi kọ́ ni mo tún un ṣe. Ẹni tó ń ṣe rédíò ní òdìkejì títì ló jó òjé mọ́ ọn, kò sì gba kọ́bọ̀. Igi tó sọnù ni mo gbẹ́, láti ara igi ọsàn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́. Kì í tẹ̀ bíi kọ̀ǹgọ́ tiwa o, gbọọrọ ló rí, kò sì ju ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé lọ. Mo wá ní màá tẹ̀ lé wọn lọ wo ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.

Bí ẹ bá rí ilé géèmù náà, yàrá kan péré ni, tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìnkùlé. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo àwọn yòókù ń gbá. Ẹ̀rọ tó wá láti Japan nìkan ni wọ́n gbé sórí tíránsífọ́mà kékeré kan, torí iná 100 volts ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá kì í bọ iná tiwa lásán, èéfín ló máa fojú rí. Wọ́n tan án. Ìlù kan jáde sójú tẹlifíṣọ̀n, ó ní ọwọ́, ó ní ẹsẹ̀, ó ń fò sókè, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ní Don ni orúkọ rẹ̀, Katsu sì ni èkejì rẹ̀, ìbejì ni wọ́n. Mo ní kí wọ́n tún un wí. Ìbejì ni wọ́n lóòótọ́, ọmọ mi ti wò ó fún mi.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Òrùka kan wà lápá òsì tẹlifíṣọ̀n tí kì í kúrò lójú kan. Àwọn ohun roboto á máa yí bọ̀ láti ọ̀tún, pupa àti aláwọ̀ aró. Bí pupa bá bọ́ sínú òrùka, àárín ojú ìlù ni wàá lù. Bó bá jẹ́ ti aró, etí ni. Bó bá tóbi, ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè tó sì gùn, máa lù ú lọ ṣáá títí yóò fi tán. Nígbà míì bàlúùnù kan á jáde, iye ìgbà tí wàá lù ú kó tó bẹ́ á sì hàn lára rẹ̀. Ìpele rẹ̀ mẹ́rin ni mo bá, èyí tó le jù ń jẹ́ oni, ànjọ̀nú nìyẹn lédè tiwọn. Àwọn ọmọ wa ti sọ ọ́ di ọ̀nì. Wọ́n á ní, "Èmi ti pa ọ̀nì lánàá." Ẹni tó ń gbé ẹ̀bá ọ̀sà, kí ló tún fẹ́ pè é?

Ohun tó mú mi dúró kì í ṣe gbogbo ìyẹn. Ẹnu ni. Bí ọmọ tó wà nídìí ìlù ti ń lù ú, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fẹnu pè é: "Dọ́ọ̀n, dọ́ọ̀n, ká! Dọ́ọ̀n, ká, ká!" Dọ́ọ̀n ni àárín, ká ni etí. Mo rò pé àwọn ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Rárá o, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Japan ṣe ń pe ìlù taiko wọn gidi. Ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ lọ́hùn-ún kí igi tó kan ọwọ́ rẹ̀. Olóòtú, bẹ́ẹ̀ gan-an ni bàbá mi ṣe fi gúdúgúdú kọ́ mi. Ó lé ní oṣù mẹ́fà tí mo fi ń fẹnu lu gúdúgúdú káàkiri agboolé, tí ìyá mi ń sọ pé kí n panu mọ́, kó tó di pé wọ́n kó bílálà lé mi lọ́wọ́. Ó ti tó àádọ́ta ọdún, n kò sì tíì gbọ́ kí ọmọdé méjì jókòó ní Ìkòròdú kí wọ́n máa fẹnu pe ìlù fún ara wọn mọ́. Ilé géèmù ni mo ti wá gbọ́ ọ.

Wọ́n ní kí èmi náà lù ú. Ojú tì mí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan fàgbà hàn mí. Etí mi ni mò ń tẹ̀ lé, mò ń lu ibi tó yẹ kí orin náà gba ìlù, òrùka yẹn sì ń dá mi lẹ́bi. "Bàbá, ẹ má gbọ́ ọ, ẹ wò ó ni," bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà wí. Ẹni tó bí mi kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi rí nídìí ìlù.

Mo délé, mo ní kí ọmọ mi bá mi wá ìtàn rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń ka ìtàn náà fún mi lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Èyí tí kò kúrò lọ́kàn mi nínú rẹ̀ ni màá sọ.

Taiko no Tatsujin ni orúkọ géèmù náà. Taiko ni ìlù. Tatsujin ni ẹni tó mọ iṣẹ́ kan dórí. Àwa ì bá pè é ní Ọ̀gá Onílù. Ilé iṣẹ́ Namco ló gbé e jáde ní Japan ní oṣù kejì ọdún 2001, kì í sì í ṣe fún ilé. Gbọ̀ngàn tí èèyàn ti ń sọ owó wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀rọ ni wọ́n gbé e sí, ìlù ńlá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tẹlifíṣọ̀n lókè, kí èèyàn méjì lè jọ lù ú. Ẹni tó dá Namco sílẹ̀, Masaya Nakamura, ẹṣin onígi méjì ló fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1955. Ó gbé wọn sórí òrùlé ilé ìtajà kan ní ìlú Yokohama, àwọn ọmọdé ń sanwó gùn wọ́n. Láti ibẹ̀ ló dé ìdí géèmù Pac-Man ní 1980, òun náà ló sì wà láyé tó rí i tí ìlù baba ńlá wọn wọ inú ẹ̀rọ. Ó kú ní 2017, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.

Namco kọ́ ló kọ́kọ́ da orin pọ̀ mọ́ géèmù o. Ilé iṣẹ́ Konami ti gbé géèmù beatmania jáde ní ìparí 1997: bọ́tìnnì márùn-ún, pẹ̀lú àwo kan tí wàá máa fọwọ́ yí bíi ti díjè. Lọ́dún kejì rẹ̀ ni Dance Dance Revolution dé, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ ọfà mẹ́rin nílẹ̀. Ní 1999, wọ́n ṣe ti gìtá, wọ́n ṣe ti ìlù òyìnbó; ilé iṣẹ́ Sega náà ṣe èyí tí èèyàn ń mi nǹkan bíi ṣẹ́ẹ́rẹ́ méjì lọ́wọ́. (Olùkọ́ wa kò ní fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n ní 2006 ni ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn máa gbé géèmù ẹlẹ́sẹ̀ yẹn sí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wọn, ó lé ní 700, kí àwọn ọmọ lè máa fi ṣe eré ìdárayá.) Ẹ wo ohun tó wà nínú gbogbo rẹ̀: díjè, gìtá, ìlù òyìnbó. Ọmọ Japan ló ń ṣe é, ohun èlò ẹlòmíràn ló ń fi ṣe é. Odindi ọdún mẹ́ta ni nǹkan wọ̀nyí fi ń pawó kí ẹnì kan tó rántí pé ìlù wà nílé àwọn náà.

Nígbà tí wọ́n sì rántí, wọn kò pa á dà kó lè jọ ti òyìnbó. Dọ́ọ̀n ló ń jẹ́, ká ló ń jẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2002, wọ́n ṣe ìlù kékeré fún ilé, irú èyí tí àwọn ọmọ gbé wá bá mi yìí, orúkọ àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ sì kún fún ìró ìlù: Tatakon de Dodon ga Don. Ẹ pè é sókè, ẹ ó rí i pé ijó wà nínú rẹ̀. Ní 2004 ó dé Amẹ́ríkà. Namco àti ilé iṣẹ́ Bandai da iṣẹ́ pọ̀ ní 2006, kò sì dá ìlù dúró. Ní 2018, àwọn ará ìwọ̀ oòrùn tún rí ti Switch, ẹ̀rọ géèmù ilé iṣẹ́ Nintendo, tí èèyàn lè máa ju ọwọ́ nínú afẹ́fẹ́ lásán láìsí ìlù níwájú rẹ̀, èyí tí n kò fara mọ́ rárá. Ní 2020, wọ́n tún ti inú gbọ̀ngàn ṣe. Ó ti lé ní ogún ọdún, wọn kò tíì fi í sílẹ̀.

Ìlù gidi tí wọ́n wò ṣe é, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ìgbìn wa máa mọ ọ́n. Odindi ìtì igi ni wọ́n ń gbẹ́ inú rẹ̀, keyaki ni wọ́n ń pe igi tó dára jù, awọ màlúù sì ni wọ́n fi ń bò ó lójú méjèèjì. Èèkàn ni tiwa. Ìṣó olórí ńlá ni wọ́n ń kàn yí etí tiwọn ká. Mo ti rí àwòrán rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí kì í kánjú ni.

Ibi tí ìtàn náà ti gbá mi létí rèé. Mo rò pé bí àwọn ará Japan ṣe ń lu ìlù yìí ní ogunlọ́gọ̀, ńlá, kékeré, tí gbogbo wọn ń pariwo pọ̀, láti ayébáyé ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Daihachi Oguchi, tó ń lu ìlù jáàsì, ní ìlú Suwa, ló kó oríṣiríṣi taiko jọ ní 1951 tó sì pín iṣẹ́ fún olúkúlùkù, bí àwa ṣe ń pín in fún ìyáàlù, kẹríkẹrì, ìsáájú àti gúdúgúdú. Ọdún 1951! Bàbá mi ti ń gbowó lóde nígbà yẹn. Onílù jáàsì ló tún ìlù ojúbọ ṣe, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹlẹ́rọ wá gbé e sínú àpótí olówó wẹ́wẹ́. Kò sí èyí tó pa ìlù náà nínú wọn.

Nítorí náà, kí olùkọ́ wa má bínú, kì í ṣe géèmù ló pa tiwa. Mo mọ ibi tí òkú náà wà. Mo bí ọkùnrin mẹ́ta. Àkọ́bí ń wa kẹ̀kẹ́ Máruwá láti garaji lọ sí Ìgbógbó, èkejì ń ta páàtì mọ́tò, ìkẹta wà ní Gánà. Kò sí èyí tó lè sọ "ẹ kú àbọ̀" fún yín pẹ̀lú gángan. Èmi ni mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe é. Mo ti lùlù níbi ìsìnkú olówó kan rí, tí ọmọ rẹ̀ pè mí ní alágbe lójú gbogbo ayé, tó ju owó sílẹ̀ fún mi láti ṣà. Mo ṣà á. Mo délé, mo ní kò sí ọmọ mi kankan tó máa ṣà á mọ́. Èyí tó fẹ́ kọ́ ọ gan-an nínú àwọn ọmọ mi ni obìnrin yìí tó ń bá mi tẹ lẹ́tà. Mo ní obìnrin kì í lu ìyáàlù. (Ó ní òun máa fi ìyẹn sílẹ̀ bí mo ṣe wí i, òun kò ní tún un ṣe.)

Mo gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ wà ní Èkó tó ń ṣe géèmù lórí kọ̀ǹpútà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń ka ìwé ìròyìn yín, mo ní ìmọ̀ràn kan fún un. Kó má fi ìyáàlù bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn, ibi tí igi bà àti ìgbà tó bà á nìkan ló mọ̀. Ìyáàlù kì í ṣe ibi tí igi bà, ọwọ́ òsì tó ń fún ọ̀sán ni. Ojú kan náà ni kọ̀ǹgọ́ ń bà, ọ̀rọ̀ á sì máa lọ sókè sódò bí ẹni ń fọhùn, á máa fà, á máa já. Bí o bá sọ ọ́ di pupa àti aró, o ti yọ ahọ́n rẹ̀. Gúdúgúdú ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Gúdúgúdú kì í fún, kì í sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kan náà ni, ìda wà láàárín rẹ̀, bílálà méjì lo fi ń lù ú. Ìró rẹ̀ kò pọ̀, ọmọ ọdún márùn-ún lè fẹnu pè é. Bó bá ti yege níbẹ̀, kó wá ojúlé mi wá, màá fi ibi tó yẹ kó so wáyà mọ́ lára ọ̀sán hàn án, kí ẹ̀rọ lè máa mọ bí ọwọ́ ṣe fún un tó. N kò ní gbowó. Ìdajì awọ ewúrẹ́ kan ló máa rà.

Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ṣì ń wá. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èyí tó kéré jù gbé kànnàngó mi kọ́ apá, ó ń wá etí rẹ̀ tó máa lù, ó ní, "Bàbá, níbo ni ká rẹ̀ wà?" Mo fi hàn án pé kò ní ká.

Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyí, Olóòtú. Rọ́bà ojú ìlù ike náà ti ń ya láàárín, níbi tí wọ́n ti ń lu dọ́ọ̀n jù. Mo ti fi awọ ewúrẹ́ rọ́pò rẹ̀ wò, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò gbọ́ ọ. Mo ti fi tíúbù kẹ̀kẹ́ dán an wò, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí òǹkàwé yín kankan bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta irú rọ́bà funfun tó nípọn díẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ Aláàbà, ìbáà jẹ́ Ìpakodò, kó bá mi kọ ọ́ sí abala yín. Mo ń ra ìwé ìròyìn yín ní Sátidé Sátidé.

Èmi ni,
Ọmọ Àyàn,
Ìkòròdú.